Ẹni Tí Kò Mọ Ìyànà-Ìbà

Àlejò kan sọ̀ kalẹ̀ nínú dánfó ní Ìyànà-Ìbà l'Ékòó nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ. Ó bi ìyá tó ń ta àgbàdo sísun lẹ́bàá títì pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo ni wọ́n ti ń wọ mọ́tò Igando?" Ìyá ní, "Ẹ̀gbẹ́ ibi tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ Ìbà ń dúró sí ni." Níbo wá ni àwọn oníkẹ̀kẹ́ Ìbà ń dúró sí? "Ẹ̀gbẹ́ àwọn mọ́tò Igando náà ni jàre." Ìyá kò purọ́. Òótọ́ pọ́ńbélé ló sọ lẹ́ẹ̀mejèèjì, ṣùgbọ́n àlejò ṣì wà níbi tó wà, ẹrù rẹ̀ sì ti ń wúwo sí i. Ọmọ ìyá náà tó ń fẹ́ná ló wá dá sí i: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí títì tí ẹ bá wá yìí? Ẹ kọ ẹ̀yìn sí i. Ṣé ẹ ń gbọ́ ariwo àwọn tó ń pe èrò lọ́ọ̀ọ́kán yẹn? Ẹ máa tẹ̀lé ariwo yẹn lọ títí ẹ ó fi gbọ́ 'Igando'."

Kì í ṣe pé ọmọ yẹn gbọ́n ju ìyá rẹ̀ lọ. Ó kàn kọ́kọ́ wo ohun tí àlejò ti ní lọ́wọ́ ná ni: títì tó bá wá, ẹ̀yìn ara rẹ̀, etí rẹ̀. Ohun mẹ́ta tí àlejò mọ̀ ló fi mú un dé ibi tí kò mọ̀. Iṣẹ́ yìí kan náà ni àwọn kan ń gbowó oṣù lé lórí nílẹ̀ òyìnbó, ìyẹn àwọn tó ń kọ ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè ìyá rẹ̀. A máa ń ra ìwé atúmọ̀ fún ọmọ láìmọ̀ pé oríṣi méjì ló wà nílẹ̀. Ọ̀kan dà bí ìyá alágbàdo, èkejì dà bí ọmọ rẹ̀.

Èyí tó dà bí ìyá ni èmi kọ́kọ́ bá pàdé. Ìwé kékeré kan tó wọ àpò ṣòkòtò ni, lẹ́tà rẹ̀ wẹ́ bí èèrà. Olùkọ́ wa ní ká lọ wo ìtumọ̀ "haughty" wá láti ilé. Mo ṣí i, ó ní "arrogant". Mo wá "arrogant" lọ, ó ní "haughty". Mo kọ méjèèjì sínú ìwé mi, mo gba máàkì, n kò sì mọ ohun tí ìkankan nínú wọn jẹ́. Ó pẹ́ gan-an kí n tó mọ̀ pé agbéraga ni wọ́n ń sọ, àti pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ pọ̀ ládùúgbò wa bí ilẹ̀ bí ẹní, tí mo sì ń kí wọn láràárọ̀.

Kì í ṣe ìwé kékeré nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1755, Samuel Johnson tẹ ìwé atúmọ̀ ńlá kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń bọ̀wọ̀ fún dòní. Nígbà tó dé orí ohun tí a hun bí àwọ̀n, ó kó ọ̀rọ̀ tó ti inú èdè Látìn wá jọ lé e lórí, tó fi jẹ́ pé ẹni tó mọ àwọ̀n tẹ́lẹ̀ á máa bi ara rẹ̀ bóyá òun mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Bẹ́ẹ̀ ọmọ Ègùn tó ń bá bàbá rẹ̀ tún àwọ̀n ṣe létí omi ní Ọ̀jọ́ ò ní pé mẹ́ta kó tó sọ ọ́: okùn tí a so ní kókó-kókó ni, omi lè gba ojú ihò rẹ̀ jáde, ẹja ò lè gbà á. Mi ò bá Johnson jà o. Ẹni tó ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ ìwé fún, kò kọ ọ́ fún ẹni tó ń wá ọ̀nà. Àwa tí a gbé e lé ọmọ tó ń wá ọ̀nà lọ́wọ́ la jẹ̀bi.

Ẹni tó yí ọ̀rọ̀ náà padà kò sí ní Lọ́ńdọ̀nù. Michael West ni orúkọ rẹ̀, Dhaka ló ti ṣe olùkọ́, ìlú tó wà lábẹ́ Íńdíà nígbà náà, tó ti di olú-ìlú Bangladesh lónìí. Ó rí i pé àwọn ọmọ ibẹ̀ ń ka Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni ń ti ọkọ̀ gun òkè, nítorí pé ìwé tí wọ́n ń kà kún fún ọ̀rọ̀ tí wọn ò ní bá pàdé mọ́ títí ayé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí yọ ọ̀rọ̀ tí kò wọ́pọ̀ kúrò, ó ń fi èyí tó wọ́pọ̀ dí i. Nígbà tó di 1935, òun àti J. G. Endicott tẹ ìwé atúmọ̀ kan jáde. Ọ̀rọ̀ àti àkànlò tí wọ́n túmọ̀ níbẹ̀ tó 24,000. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà fún ara wọn láti fi túmọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,490, kò gbọdọ̀ lé ẹyọ kan. Ẹ fojú inú wò ó ná. Bí ìgbà tí wọ́n bá ní kí ẹ júwe gbogbo Èkó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, láti Ẹ̀pẹ́ dé Àgbádárìgì, ṣùgbọ́n ibùdókọ̀ tí ẹ máa dárúkọ ò gbọdọ̀ ju ogún lọ. Àwọn àgbà tó lọ iléèwé láyé àtijọ́ á rántí ìwé West yìí. Orúkọ ọkùnrin náà gan-an ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń pe ìwé: "Lọ mú Michael West wá."

Nígbà kan náà, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, A. S. Hornby, wà ní Jàpáánì, níbi tó ti ń kọ́ni láti 1924. Òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ṣe ìwé atúmọ̀ tiwọn fún àwọn ọmọ ibẹ̀. Kí ìwé tó jáde, Ogun Àgbáyé Kejì ti sọ Jàpáánì di ọ̀tá ìlú rẹ̀. Wọ́n há Hornby mọ́, wọ́n sì dá a padà sílé ní 1942, ọdún tí ìwé náà jáde ní Tókíò gan-an. Ó di 1948 kí Oxford tó tún un tẹ̀. Ìwé yẹn ló ń bí sí i títí tó fi di Oxford Advanced Learner's Dictionary, onípálí líle tó wà nínú báàgì ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń gba ẹnubodè LASU wọlé láti ọdún 1983 tí wọ́n ti dá yunifásítì náà sílẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu pé Dhaka àti Tókíò ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Onílé kì í mọ̀ pé ọ̀nà ilé òun ṣòroó mọ̀. Ìgbà tó bá bá àlejò dúró lójú títì ló ń rí i.

Iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé Longman gba ọ̀nà West padà ní 1978, wọ́n tẹ ìwé ńlá tí wọ́n fi bí ọ̀rọ̀ 2,000 túmọ̀ gbogbo inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ ni wọ́n: lọ, wá, ilé, omi, ìyá, gbà, fi, tóbi. Ó dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀tàn díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́. Ẹ wo "jẹ" tiwa. Àjèjì tó kọ́ pé "jẹ" ni kí èèyàn fi oúnjẹ sẹ́nu, kí ni kó ṣe tó bá gbọ́ pé bàbá kan jẹ oyè, pé àbúrò rẹ̀ jẹ gbèsè, pé ọmọ wọn sì jẹ ìyà? Á rò pé ìyàn mú nílé yẹn. Gẹ̀ẹ́sì náà ní "get", ó ní "take", ó ní "put", èyí tó kéré jù nínú wọn sì ní ìtumọ̀ tó pọ̀ ju èrò inú mólúè lọ. Ìwé á ní ọ̀rọ̀ 2,000 péré lòun lò, kò sì purọ́, bíi ti ìyá alágbàdo.

Èyí tó wù mí jù lọ ni ohun tí John Sinclair àti àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe ní Yunifásítì Birmingham. Nígbà tí ìwé wọn, COBUILD, jáde ní 1987, wọn kò túmọ̀ ọ̀rọ̀ ní gígé-gígé mọ́. Odindi gbólóhùn ni wọ́n ń kọ, bí ẹni ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Bí èmi náà bá fẹ́ fi ọ̀nà wọn sọ "haughty" tó pa mí lórí lọ́jọ́sí, màá ní: bí wọ́n bá pe ẹnì kan bẹ́ẹ̀, wọ́n ń sọ pé ó ń ṣe bí ẹni tó ga ju gbogbo ayé lọ, ìwà náà ò sì dùn mọ́ wọn. "Bí wọ́n bá ní..., ohun tí wọ́n ń sọ ni pé..." Ṣé ohùn yẹn ò jọ ti ẹnì kan létí yín? Ohùn ìyá àgbà ni. Kò sí ìyá àgbà tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ rí tó fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣe é. Á sọ ìgbà tí wọ́n ń lò ó, irú ẹni tí wọ́n ń lò ó fún, àti bóyá ọmọ náà lè sọ ọ́ níwájú àlejò.

Mo sì ń rò ó pé, nínú gbogbo ènìyàn, kò yẹ kí àṣà yìí ṣàjèjì sí Yorùbá. Ẹ jẹ́ ká yà sí Ọjà Àlàbá ní Ọ̀jọ́, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ tó ń lo iná fún gbogbo Nàìjíríà àti àwọn ará Àjàṣẹ́ àti Kútọnu. Ọ̀pọ̀ ohun tó wà lórí àtẹ níbẹ̀ ló ní orúkọ Yorùbá, orúkọ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìtumọ̀ tó pé. Amúlétutù: ó mú ilé tutù, ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ọmọ ọdún mẹ́rin mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Amúnáwá. Amóhùnmáwòrán. Asọ̀rọ̀mágbèsì, tí ń sọ tirẹ̀ láìdúró kí ẹnikẹ́ni fèsì, ó dára ju "rédíò" lọ lójú mi, ó sì fi díẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ìjọba. Yorùbá kì í gba ẹ̀rọ wọlé láìbi í pé, "Kí lo wá ṣe?" Ìdáhùn ẹ̀rọ náà ló ń di orúkọ rẹ̀. Àmọ́ ká sọ òótọ́: ẹni tó bá dé Àlàbá tó ní òun fẹ́ ra amóhùnmáwòrán, ọmọ Ìgbò tó ni ṣọ́ọ̀bù á wò ó láti òkè délẹ̀, á wá bi í pé ṣé tẹlifíṣọ̀n ló ń wá ni. Ilé ìròyìn ni àwọn orúkọ wọ̀nyẹn ń gbé. Bó ti wù kó rí, ẹni tó lè sọ "amúlétutù" ti mọ iṣẹ́ tí West ń ṣe ní Dhaka.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ibi tí ohun náà fúnra rẹ̀ kò sí nílẹ̀ wa. Àwọn òyìnbó ní ìgbà kan lọ́dún tí wọ́n ń pè ní "autumn". Ìwé tó rọrùn jù lọ á sọ fún ọmọ pé ó wà láàrin "summer" àti "winter". Ọmọ Okokomaiko tó ń ka èyí mọ òjò, ó mọ ẹ̀ẹ̀rùn, ó mọ ọyẹ́. Kí ló kan òun àti "summer"? Oníkẹ̀kẹ́ Ìbà àti mọ́tò Igando tún rèé. Ṣùgbọ́n ẹ mú un lọ sábẹ́ igi fùrúùtù, èyí tí wọ́n fẹ́ràn láti máa gbìn sí ọgbà iléèwé l'Ékòó, tí àwọn ọmọ ń fi òkúta fọ́ kóró rẹ̀ jẹ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewé rẹ̀ á pọ́n wẹ̀ẹ̀, á máa já bọ́ tọ̀sán-tòru, ẹni tí ìgbálẹ̀ kàn láàárọ̀ á máa ṣépè. Ẹ wá sọ fún ọmọ náà pé: nílẹ̀ ibẹ̀, ìgbà kan wà lọ́dún tí ọ̀pọ̀ igi jákèjádò ìlú ń ṣe bíi fùrúùtù lẹ́ẹ̀kan náà, òtútù ni yóò sì tẹ̀lé e. Ó dé "autumn" láìwọ mọ́tò. Kò sí ìwé kankan tí wọ́n tẹ̀ ní Oxford tó lè kọ fùrúùtù sí i, torí pé ọmọ Jàpáánì àti ọmọ Bùràsíìlì náà ń retí ìtumọ̀ nínú ìwé kan náà. Ẹni tó wà nítòsí ọmọ ló lè ṣe é.

Ẹni tó wà nítòsí yìí náà ló mọ ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ Yorùbá ti máa ń yọ̀. Èdè wa fi "yá" ṣe ohun méjì: mo yá a lówó, mo yá owó lọ́wọ́ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì pín in: "lend" ni ti ẹni tí nǹkan ń kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, "borrow" ni ti ẹni tí ń gbà á. Ìdí rèé tí ọmọ fi ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé "borrow me your biro", tí olùkọ́ sì ń fi igi lù ú lórí, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó sọ fún un rí pé ọ̀nà yà síbẹ̀. Ẹ tún wo "sorry". Bí èèyàn bá fẹsẹ̀ kọ ní Ìyànà-Ìbà, ẹni mẹ́rin tí kò mọ̀ ọ́n rí á ké "Sorry o!" Òyìnbó á yíjú padà, á bi wọ́n pé kí ni wọ́n ṣe tí wọ́n fi ń tọrọ àforíjì. Wọn ò ṣe nǹkan kan. "Pẹ̀lẹ́" ni wọ́n wọ aṣọ Gẹ̀ẹ́sì fún. Ìwé atúmọ̀ á sọ ohun tí "sorry" jẹ́ lẹ́nu onílé, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé pẹ̀lẹ́ ti kó wọnú yàrá náà.

Ọ̀rọ̀ a sì tún máa gbàgbé ibi tó ti wá. Ibùdókọ̀ kan wà lójú títì Ìyànà-Ìbà náà tí wọ́n ń pè ní Volkswagen. Àlejò tí wọ́n ní kó sọ̀ níbẹ̀ lè máa wá mọ́tò tuntun kiri. Lóòótọ́, láti 1975 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí to mọ́tò Volkswagen níbẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí iṣẹ́ yẹn ti dáwọ́ dúró, orúkọ ló kù fún kọ̀ńdọ́ láti máa pè. Ọ̀kadà náà ńkọ́? Iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ni Okada Air, èyí tí Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983, tó fi orúkọ ìlú rẹ̀ sọ. Báàlúù ti lọ, alùpùpù ló jogún orúkọ. Ẹni tó bá fi ìtàn ọ̀rọ̀ túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ lè gbé e gun báàlúù nígbà tó jẹ́ pé Ìbà ló ń lọ.

Títì yìí náà, bí ẹ bá ń bá a lọ kọjá Okokomaiko, Àgbádárìgì ló ń já sí. Ibẹ̀ ni Samuel Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ sí ní oṣù kìíní ọdún 1845. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, ọkọ̀ ojú ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lórí omi, ó kàwé ní Freetown, ó sì ti tẹ ìwé atúmọ̀ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1843, kó tó padà sétí òkun wa. Òun ni mo kà sí olórí àwọn ajúwe-ọ̀nà. Síbẹ̀, òun náà ló wà nídìí iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì tó fi Èṣù ṣe orúkọ fún ọ̀tá Ọlọ́run tí àwọn onígbàgbọ́ mú wá. Èṣù tí bàbá rẹ̀ mọ̀, tó ń gbé oríta, tó ń gbé ẹbọ dé ọ̀run, kì í ṣe ẹni yẹn. Ohun ilé ló fi júwe ohun àjèjì, gẹ́gẹ́ bí ọgbọ́n ti wí, ṣùgbọ́n ibòmíràn ni ọ̀nà já sí, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì tíì rí ọ̀nà padà. Fùrúùtù gbà fún wa nítorí pé ewé rẹ̀ ń já bọ́ lóòótọ́. Bí ohun ilé àti ohun àjèjì ò bá jọ níbi tí a ti so wọ́n pọ̀, ó sàn kí a sọ pé a kò ní in.

Lónìí, onílé ti di àlejò. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, Oxford English Dictionary fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà tó sún mọ́ ọgbọ̀n kún tirẹ̀: dánfó wà níbẹ̀, ọ̀kadà wà níbẹ̀, bùkà, tòkunbọ̀, "next tomorrow" tó jẹ́ ọ̀túnla wa gan-an. Nígbà tí 2025 bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún kéde àgbèrò, ẹ̀bà àti jápa. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń túmọ̀ ayé fún wa láti ìgbà Johnson ló wá jókòó tí wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ tí wọ́n lè fi ṣàlàyé fún ará Lọ́ńdọ̀nù pé bọ́ọ̀sì kékeré aláwọ̀ ìyeyè kan wà l'Ékòó. Inú mi dùn sí i, mi ò ní purọ́.

Bí wọ́n bá tún ń bọ̀, mo ti ní ọ̀kan nílẹ̀ fún wọn. Ẹ má bi wọ́n pé kí ni "Ó wà" túmọ̀ sí, wọ́n á ní nǹkan kan ń bẹ níbì kan ni. Èmi á kọ tèmi báyìí: Bí mọ́tò bá ti ń sún mọ́ ibi tí o fẹ́ sọ̀, pariwo pé "Ó wà o!" Ohun tí ò ń sọ ni pé ìwọ wà nínú mọ́tò, o sì fẹ́ jáde. Bí dírẹ́bà ò bá dúró, tún un pè, kí ohùn rẹ le ju ti àkọ́kọ́ lọ.